Ó Ní Ó Ń Lo Oògùn Ẹ̀jẹ̀

Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi ba ayé ọmọ yìí jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: "Takes iron supplement only." Michael, ọ̀gá ilé ìwádìí náà, fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní Fareedah ló kọ ọ́. Orúkọ Fareedah ni wọ́n fi wọ orí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìlà náà, òun náà sì ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà láti máa bá àwọn àgbàlagbà Yorùbá sọ̀rọ̀. Nítorí ìlà yẹn ni wọ́n ṣe fún Alhaja Kàfáyàtù, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ní oògùn tí kò yẹ kí wọ́n fẹnu kàn. Ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ wọn. Wọ́n ṣì wà ní ọsibítù, wọ́n lajú, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Michael ti ní ìwé kan nílẹ̀ tó fẹ́ kí Fareedah tọwọ́ bọ̀, pé òun lòun jẹ̀bi. Tí kò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí aago méjì ọ̀sán tó lù, á fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá àti sí àjọ tó fún un níwèé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ la wà nígbà náà.

Modinat lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ìyágankú n'Ìbàdàn kí n tó kó wá sí Kánádà, mo sì ní ìwé àṣẹ níbí láti máa wádìí ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún mi. Fareedah ló pè mí. Láti Whitby ni mo ti wakọ̀ wá sí Meadowvale láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ lórí ọ̀nà, inú ti ń bí mi kí n tó rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Michael gbà mí láàyè torí ó rò pé mo wá rọ ọmọ náà kó lè tọwọ́ bọ̀wé. Mi ò tíì sọ fún un pé ó ṣìnà.

*

Fareedah wà nínú ọkọ̀ mi níta, torí wọ́n ti gba káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Monday. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi. Kò sunkún. Ó ní láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ lòun ò ti lè yọjú sí mọ́ṣáláṣí mọ́, torí wọ́n ti ń sọ káàkiri pé òun lòun fẹ́ pa Alhaja.

"Auntie, mo rí oògùn yẹn pẹ̀lú ojú mi," ó ní. "Wọ́n kó gbogbo oògùn wọn wá nínú náílọ̀n. Warfarin wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé a ò lè gbà wọ́n. Èmi kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí, I know what warfarin is."

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni, àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège ni wọ́n sábà máa ń fún. Mo ní kó sọ fún mi bí iṣẹ́ ilé náà ṣe ń lọ, kó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún aláìmọ̀kan. Ó ní gbòǹgbò kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní dánṣẹ́ǹ, pupa ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wọn ti ń sè é fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ra lára. Ohun tí wọ́n ń wádìí ní Meadowvale ni bóyá òótọ́ ni. Wọ́n lọ̀ ọ́ sínú kápúsù, wọ́n wá ogójì àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn máa ń tutù tí ó sì máa ń kú tipiri, wọ́n á máa fi iná tín-ín-rín kan sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára sí nínú àwọn iṣan kéékèèké. Méjìlá nínú ogójì náà jẹ́ Yorùbá. Fareedah ló fọ̀rọ̀ wá àwọn méjìlá lẹ́nu wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà kì í rí wọn mọ́, ẹlòmíràn ló ń fún wọn ní kápúsù tí wọ́n á máa lò nílé.

Mo bi í léèrè ibi tó wà ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n kọ ìlà náà, torí aago tó wà lórí ìwé Michael nìyẹn. Ó ní yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí lòun ti ń kírun Àìlà. Òun kò pa kọ̀ǹpútà òun. Kò sẹ́ni tó ń pa tirẹ̀ níbẹ̀, ó ní gbogbo wọn ló fọkàn tán ara wọn.

"Èdè wo lo fi kọ ọ̀rọ̀ Alhaja?" mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà. Ó ní òfin ilé náà ni pé ohun tí ẹni náà sọ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, ní èdè tó fi sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì á wá wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ìdajì ojú ìwé ni Michael fi hàn mí, ọ̀kan náà ló sì fẹ́ fi hàn ọlọ́pàá.

*

Michael ní lóòótọ́ ni nǹkan kan wà lókè ìlà Gẹ̀ẹ́sì náà, "some of your language," ṣùgbọ́n kò rò pé ó ṣe pàtàkì. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo tún ní kó tẹ ojú ìwé àwọn Yorùbá mọ́kànlá yòókù jáde. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo sọ fún un pé tí ọlọ́pàá bá dé, ìdajì ojú ìwé tó gé yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, kí òun wá ṣàlàyé ìdí tó fi gé e. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ohun tó wà lójú ìwé Alhaja rèé: "Ó ní ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Kò sí òmíràn." Oògùn tí ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, iron inú ìlà Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Mo ka ti àwọn mọ́kànlá yòókù. Wọ́n ní àwọn máa ń rìn ní àárọ̀. Wọ́n ní àwọn ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn láti ọdún mẹ́ta. Ojú ìwé mọ́kànlá, kò sí ibì kankan tí Fareedah ti pe àgbàlagbà ní "ó". Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ìbàdàn ni, kò lè pe ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ní "ó", bí ẹni ń pe ọmọ ilé ìwé, àyàfi tí orí rẹ̀ bá dàrú. Ẹni tó kọ ìlà yìí, kì í ṣe Fareedah.

Mo ṣàlàyé fún Michael. Ó ní ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kan kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Bí mo ṣe máa fún un lésì tó gbóná wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Mo bi í pé ta ló tún gbọ́ Yorùbá nínú ilé náà. Ó ní méjì péré: Akíndàmọ́lá tó ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà ìwádìí, àti Dókítà Ìdẹ̀raolúwa, igbákejì òun, tó ń wá àwọn tó máa kópa.

Bí mo ṣe ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ ni obìnrin kan dá mi dúró. Dókítà Liang ni, ẹni tó mọ̀ nípa gbòǹgbò náà jù nínú wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ṣé èmi ni mo ń ṣèwádìí. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin rèé tí gbogbo èèyàn ti ń sọ pé dánṣẹ́ǹ ni májèlé, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò sì sí oníṣègùn gidi kan ní Ṣáínà tó máa fi í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ. Warfarin ń fa ẹ̀jẹ̀ níwájú, dánṣẹ́ǹ á tún máa tì í látẹ̀yìn. Ó ní òun fúnra òun lòun kọ ọ́ sínú òfin ìwádìí náà pé ẹni tó bá ń lo warfarin kò gbọ́dọ̀ wọlé.

"Somebody knew that," ó ní. "Somebody read my page and did it."

Mo sọ fún un pé èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó kù kí n mọ ẹni tó jẹ́.

*

Akíndàmọ́lá wà lórí fóònù nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́. Ọkùnrin bí ọdún márùndínlógójì ni, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tó ti gbó lọ́wọ́. Ó fọwọ́ sọ fún mi pé kí n jókòó, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ìyá òun ni.

"Ó ní òun ò rí oorun sùn lánàá," ó ní. "Orúnkún ló ń dà á láàmú."

Etí mi dìde. Ìyá rẹ̀ ló ń pè ní "ó". Mo bi í pé ìlú wo ló ti wá, ó ní Oǹdó. Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ẹni nìyẹn ní Oǹdó. Ó rẹ́rìn-ín.

"Auntie, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ ò ní pa wá. Kò sí 'ẹ' lọ́dọ̀ tiwa o. Èkó ni wọ́n ti kọ́ mi ní 'ẹ' tí mò ń kí yín yìí. Bàbá bàbá mi gan-an, 'o' ni mo máa ń sọ fún un, he no dey vex."

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́ ìwé Alhaja síwájú rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Fareedah nígbà tí ọmọ náà ń kírun. Ó sẹ́. Mo ní mo gbọ́ lẹ́nu Fareedah pé iṣẹ́ rẹ̀ máa parí ní ọjọ́ tí ìwádìí náà bá dúró, tí wọn ò bá rí ogójì èèyàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún gbogbo wọn níbẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, nípa irú èèyàn tó ń kó ìyá àgbà sínú ewu, tó wá gbé e lé ọmọbìnrin lórí. Inú bí òun náà, ó dìde.

Ó ní òun lòun kọ́kọ́ kíyè sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nọ́ńbà ẹsẹ̀ Alhaja fò sókè lọ́nà tí ti ẹnikẹ́ni kò gbà fò, òun sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí ti ń sáré jù. Wọ́n fèsì pé kí òun gbájú mọ́ nọ́ńbà òun. Ó ní tí mo bá fẹ́ mú ẹnì kan, kí n lọ mú ẹni tó ka ìyẹn tí kò ṣe nǹkan kan.

Mi ò gbà á gbọ́. Mo jáde, mo ti dá a lẹ́bi tán nínú mi, mo sì ń lọ sọ́dọ̀ Michael láti sọ ọ́.

Mi ò dé ibẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pọn omi mu ni mo ti tún gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orí mi: ó ní òun ò rí oorun sùn. Mo dúró. Mo yọ ìwé náà, mo tún kà á. Ó ní ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀.

Kò sí "òun" níbẹ̀.

Ìtìjú mú mi. Ohun tó wà níwájú mi láti àárọ̀ ni, èmi àgbà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo sì ti fi ìbínú gba orí rẹ̀ kọjá. Tí mo bá ní Fareedah ní òun ti jẹun, Fareedah ló jẹun. Tí mo bá ní Fareedah ní ó ti jẹun, ẹlòmíràn ló jẹun, Fareedah kàn ń ròyìn rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Oǹdó mọ ìyàtọ̀ yìí, ọmọ ọdún mẹ́rin n'Ìbàdàn náà mọ̀ ọ́n, a kì í tilẹ̀ kọ́ wọn. Ará Oǹdó lè pe ìyá rẹ̀ ní "ó" kó sì máa lọ lálàáfíà, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé "òun" láéláé. Ẹni tó máa kọ "ó ní ó" ni ẹni tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì, tó wá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: she said she.

*

Dókítà Ìdẹ̀raolúwa gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún, ó wọṣọ dáadáa, ó bu omi fún mi, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Mo fi Yorùbá bi í léèrè ibi tó dàgbà sí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé ọmọ ọdún méjì ni wọ́n gbé òun dé Kánádà, Vaughan lòun dàgbà sí, ṣùgbọ́n òun ń lọ sí kíláàsì Yorùbá ní ọjọ́ Saturday kí àwọn ọmọ òun má bàa sọnù. Mo yìn ín. Mo tún fi Yorùbá bi í nípa Alhaja. Ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní Fareedah kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn mọ́ ọn. Ó ní òun á bá a bẹ Michael kí wọ́n má fìyà púpọ̀ jẹ ẹ́.

Àánú Fareedah tó ń ṣe yẹn ló bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Mo wo aago. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mi ò ní ẹ̀rí kankan tí mo lè gbé fún òyìnbó tí kò gbọ́ èdè wa, àyàfi tí Ìdẹ̀raolúwa fúnra rẹ̀ bá kọ ọ́ níwájú Michael.

*

Mo kó wọn jọ sí yàrá ìpàdé: Michael, Akíndàmọ́lá, Ìdẹ̀raolúwa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Fareedah wọlé, Michael sì gbà torí ó rò pé ó wá tọwọ́ bọ̀wé ni. Ìwé náà wà lórí tábìlì pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀ kí Michael lè gbọ́. Mo ní ìlà Yorùbá tó wà lójú ìwé Alhaja, ẹni tó kọ ọ́ kò bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó pe ìyá ní "ó" dípò "wọ́n". Ìyẹn nìkan ni mo sọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Mo fún àwọn mẹ́ta tó gbọ́ Yorùbá ní bébà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ gbólóhùn kan: Alhaja said she is taking blood medicine. Alhaja ń sọ nípa ara wọn.

Fareedah kọ tirẹ̀ wàràwàrà. Akíndàmọ́lá kùn sínú, ó kọ tirẹ̀. Ìdẹ̀raolúwa ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, ṣùgbọ́n Michael ní kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Ó rora kọ ọ́, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti tún ohun tó rò pé ó jẹ́ àṣìṣe ṣe.

Mo tẹ́ ẹ síwájú gbogbo wọn. Ti Fareedah: "Wọ́n ní àwọn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀." Ti Akíndàmọ́lá: "Ó ní òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀." Ti Ìdẹ̀raolúwa: "Wọ́n ní wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀."

Mo mú ti Ìdẹ̀raolúwa, mo gbé e fún Akíndàmọ́lá. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ń lo oògùn nínú èyí.

Ó kà á. Ó wò mí, ó tún kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Somebody else," ó ní. "Not the woman. Some other person."

Mo gbé èyí tó wá látinú kọ̀ǹpútà Fareedah fún un.

"Same thing. Somebody else." Ó yíjú sí Ìdẹ̀raolúwa. "Ah. Dókítà."

Mo ṣàlàyé fún Michael pé nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú ilé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ̀ pé "òun" wà. Ìdẹ̀raolúwa ń wo bébà rẹ̀. Ó ń wá ibi tó ti ṣìṣe, kò sì rí i, mo rí i lójú rẹ̀ pé kò rí i. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Akíndàmọ́lá ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì yí i sí Michael. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tó kọ nípa ẹ̀jẹ̀ Alhaja wà níbẹ̀. Orúkọ Ìdẹ̀raolúwa ló wà lábẹ́ èsì méjèèjì tó ní kó gbájú mọ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Michael pe Ìdẹ̀raolúwa lórúkọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ìyẹn ló ṣí i lẹ́nu.

"She was number forty," ó ní. "It was the last day. They were going to shut us down at thirty-nine. Èmi ni mo mú wọn wá, gbogbo wọn, I begged them one by one. It was a small dose. I thought it was a small dose."

Mo bi í pé ẹjọ́ Fareedah ńkọ́. Ó ní òun ò rò pé ó máa débẹ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́rin ló fi wò ó tí wọ́n fi ń pe ọmọ náà ní apànìyàn, ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ń bu omi fún èèyàn. Mo sọ púpọ̀ sí i. Mi ò kábàámọ̀ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Michael fa ìwé tó wà lórí tábìlì, ó ya á sí méjì. Ó ní inú òun bàjẹ́. Ó ní kí Fareedah padà wá síṣẹ́ ní Monday, kí wọ́n jọ wo bí wọ́n ṣe máa yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn kó tó dọ̀dọ̀ àwọn ará ìta. Mo ti ń tẹ nọ́ńbà ọlọ́pàá lórí fóònù mi kó tó sọ ọ́ tán. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ mi parí.

Fareedah ò wo ìwé tí wọ́n ya. Ojú Ìdẹ̀raolúwa ló ń wò.

"Dókítà, ta lẹ tún yí tiẹ̀ padà?"

Mo gbé fóònù kúrò létí. Mi ò bi í. Láti àárọ̀ tí mo ti ń fi ọgbọ́n mi yangàn, kò wá sí mi lọ́kàn.

Ìdẹ̀raolúwa ní Bàbá Mukhtar, ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá méjìlá náà. Ó ní ti wọn, òun kàn pa ìlà oògùn ọkàn wọn rẹ́ ni. Michael bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan nípa lọ́yà. Fareedah ti na ọwọ́ sí fóònù orí tábìlì, ó ń ka nọ́ńbà Bàbá láti ojú ìwé wọn. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni gbogbo wọn máa ń lo kápúsù náà.

Ó jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ síta. Ó dún lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ohùn àgbàlagbà kan tó gbé e.

"Ẹ káàsán, sà. Fareedah ni, láti ilé ìwádìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti lo kápúsù tòní?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Kí ló dé?"

"Ẹ má lò ó, sà. Kò bá oògùn ọkàn yín mu. Ẹ má lo òmíràn mọ́."

A ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn wọn.

"Fareedah wo?" wọ́n ní. "Ìwọ lo fẹ́ pa Kàfáyàtù ni, wọ́n sọ fún wa ní mọ́ṣáláṣí. Kí ni mo ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́? Dókítà wa ní kí n má ṣe fò ó lọ́jọ́ kan. Òun ni màá gbọ́ tirẹ̀."

Ojú Fareedah kún. Ó ti ń là á já láti àárọ̀, ibí yìí ló ti fẹ́ dá a lápá. Mo fẹ́ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ké mọ́ Bàbá, kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni èmi, wọn ò mọ̀ mí rí.

Fareedah ti fóònù náà kọjá lórí tábìlì títí ó fi dé iwájú Ìdẹ̀raolúwa.

"Ẹ sọ fún wọn," ó ní. "Ní Yorùbá."

Ìdẹ̀raolúwa wo Michael. Michael ń wo ilẹ̀. Bàbá ń pe "haló, haló", wọ́n ní tí kò bá sí nǹkan mìíràn, àwọn fẹ́ lo oògùn àwọn.

"Bàbá," Ìdẹ̀raolúwa ní. "Bàbá, Dókítà Ìdẹ̀raolúwa ni. Ẹ má mu ún. Kì í ṣe Fareedah. Èmi ni mo ṣe é. Alhaja... èmi ni."

A gbọ́ tí kápúsù bọ́ sínú àwo lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n gbé fóònù náà fún Fareedah.